Òótọ́ àbí Irọ́? Ibi tí ìfẹ́ ara ń parí sí nínú àwòrán okùn àti awọ

Ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ dárúkọ ní gbangba: àwòrán tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin yà nípa ìfẹ́ ara, tí okùn, ẹ̀wọ̀n, aṣọ awọ, ìbòjú àti pàṣán wà nínú rẹ̀. Ìnira àti adùn jókòó sí ojú kan náà níbẹ̀. Wọ́n ti gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì ti gbé e kọ́ sára ògiri mùsíọ́ọ̀mù, nígbà mìíràn àwòrán kan náà gan-an. Ohun tó ń fa ìjà yìí ni ọ̀rọ̀ ààlà. Ìgbà wo ni àwòrán kúrò ní ohun tó ń mú ọkàn fà, tó di ohun tó ń sọ ènìyàn di ẹran? Ọ̀pọ̀ ń dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú, tí wọn kò sì tíì tẹjú mọ́ àwòrán kan ṣoṣo nínú wọn. Àwọn ìdáhùn wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò.

“Ìṣekúṣe lásán ni. Kò sí iṣẹ́ ọnà kankan níbẹ̀.”

Irọ́ ni. Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ yìí débi tí wọ́n fi búra sí i nílé ẹjọ́, kò sì dúró.

Robert Mapplethorpe, tí wọ́n bí ní Queens ní ìlú New York ní 1946, ni ẹni tí ẹjọ́ náà dá lé lórí. Ní 1978, ó kó fọ́tò 13 jọ, ó pè wọ́n ní X Portfolio. Àwọn ọkùnrin tó ń bá ara wọn ṣeré nínú awọ àti okùn ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan fi rọ́bà bo ara látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mapplethorpe fúnra rẹ̀ wà nínú àkójọ náà: ó kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ó yí ojú padà wò wá, pàṣán gígùn kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún kan náà ló ṣe Y Portfolio, tí kìkì òdòdó wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ló tàn sórí àwọn méjèèjì, ọwọ́ kan náà ló sì tò wọ́n.

Àrùn AIDS pa á ní Oṣù Kẹta 1989. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ilé àwòrán Corcoran ní Washington ti fagi lé ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Perfect Moment, nítorí ìbẹ̀rù àwọn aṣòfin tó ń bínú pé owó ìjọba wọ inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ìfagilé náà dùn péjọ síwájú ilé náà lálẹ́, wọ́n fi iná ẹ̀rọ tan àwọn fọ́tò rẹ̀ sára ògiri ìta. Nígbà tí ìpàtẹ náà dé Cincinnati ní Oṣù Kẹrin 1990, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i gan-an ni wọ́n fi ẹ̀sùn kan Contemporary Arts Center àti olùdarí rẹ̀, Dennis Barrie. Nínú fọ́tò 175 tó wà lára ògiri, méje ni ìjọba mú. Márùn-ún nínú méje náà ló jẹ́ ti okùn àti awọ. Bí wọ́n bá dá Barrie lẹ́bi, ó lè lo ọdún kan lẹ́wọ̀n.

Láti 1973 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀, nínú ẹjọ́ Miller, pé ohun tó bá ní ìwúlò gidi fún ọnà, lítíréṣọ̀, òṣèlú tàbí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun tí òfin lè kà sí ìbàjẹ́. Nítorí náà, orí ìbéèrè kan ni ẹ̀sùn lórí àwọn márùn-ún náà dúró lé: ṣé ọnà ni àbí kì í ṣe ọnà? Aráàlú mẹ́jọ ni wọ́n yàn láti dá a, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ẹni tó ń lọ sí ibi ìpàtẹ àwòrán. Àwọn ọ̀mọ̀ràn láti mùsíọ́ọ̀mù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bọ́ sórí ara, bí ìlà ṣe gba àárín àwòrán kọjá, bí ọwọ́ tó ya àwọn ọkùnrin yìí ṣe jẹ́ ọwọ́ tó ya òdòdó. Ní ọjọ́ 5 Oṣù Kẹwàá 1990, àwọn mẹ́jọ náà ní Barrie àti ilé rẹ̀ kò jẹ̀bi.

Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn. Síbẹ̀, ohun kan nínú ẹjọ́ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí àwọn ọ̀mọ̀ràn tó lè gba àwòrán sílẹ̀, wọ́n ní láti máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Wọ́n rí ìlà, wọ́n rí òbìrípo, wọ́n rí òjìji. Ọkùnrin tí okùn wà lára rẹ̀, tó fẹ́ kí okùn wà níbẹ̀, tó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó wá ya òun, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ni mo rò pé ààlà náà wà.

“Bí àwòrán bá ṣe ṣókùnkùn tó ni ìfẹ́ inú rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó.”

Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ló sábà máa ń sọ èyí, irọ́ sì ni. Iṣẹ́ Mapplethorpe ló fi hàn jù.

Àwọn ọkùnrin inú X Portfolio jẹ́ ẹni tó mọ̀, láwùjọ tí òun náà wà. Orúkọ wọn ló fi ṣe àkọlé àwòrán. Nínú àwòrán tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wojú kámẹ́rà láìmira. Bí ohun tí wọ́n ń ṣe bá tilẹ̀ bà ọ́ lẹ́rù, o mọ̀ pé ẹnì kan ń wò ọ́ padà. Ìfẹ́ ara nílò ẹni méjì: ẹni tó ń wò, àti ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, tó sì ní ohun tí òun náà ń fẹ́.

Ẹ wá wo iṣẹ́ rẹ̀ tí kò ní okùn rárá. Láti nǹkan bí 1980 ló ti ń ya àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní ìhòhò. Ó kó díẹ̀ nínú wọn jọ sí Z Portfolio ní 1981, ó sì gbé ìwé Black Book jáde ní 1986. Àwòrán rírẹwà ni wọ́n, ara ń dán bí òkúta tí wọ́n fi ọ̀dà pa. Kò sí pàṣán, kò sí ẹ̀wọ̀n. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú irú àwòrán rẹ̀ yìí ni Man in Polyester Suit, ti 1980: ọkùnrin kan wọ kóòtù olówó pọ́ọ́kú, síìpù ṣòkòtò rẹ̀ ṣí, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ sì wà níta. Àwòrán náà gé e lọ́rùn. Kò lójú, kò lórúkọ. Ní 2015, ẹ̀dà kan rẹ̀ tà ní nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù dọ́là.

Ohun tó yẹ ká sọ ni pé ìtàn ìgbésí ayé Mapplethorpe jẹ́ ká mọ̀ pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má ya ojú òun pọ̀ mọ́ ìhòhò òun. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó bọ́ síwájú wa nìyẹn: ọkùnrin dúdú kan tí kò ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ju ẹ̀yà ara kan lọ, ẹ̀yà ara tí àwọn òyìnbó ti ń fi sọ ìtàn ẹ̀rù àti ìfẹ́ kúfẹ̀ẹ́ nípa wa láti ayé ẹrú. Kobena Mercer, ọ̀mọ̀wé ní Britain, kọ̀wé ní 1986 pé ńṣe ni irú àwòrán yìí sọ ọkùnrin dúdú di ohun èlò. Lẹ́yìn ikú Mapplethorpe ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, ó gbà pé ìfẹ́ ọkàn òun alára, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin dúdú tó ń fẹ́ ọkùnrin, ti mú kí òun máa wo àwòrán náà pẹ̀lú ọkàn méjì. Kò pa ìbínú rẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ́. Ó fi kún un ni. Èmi bọ̀wọ̀ fún èyí gan-an.

Láàárín 1991 sí 1993, Glenn Ligon, oníṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, já ojú ìwé 91 nínú Black Book, ó fi gíláàsì bò wọ́n, ó tò wọ́n sára ògiri ní ìlà méjì, ó sì to ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn sáàárín: ti òǹkọ̀wé, ti olóṣèlú, ti ẹni tó mu ọtí létí báà. Ó dá ohùn padà sáàárín àwọn ara tí kò ní ohùn.

Nítorí náà, èmi kò rò pé okùn ni Mapplethorpe fi kọjá ààlà. Àwọn àwòrán rẹ̀ tó ṣókùnkùn jù ló ṣì ní ènìyàn nínú jù.

“Nǹkan òyìnbó ni. Ọmọ Yorùbá kò lọ́wọ́ sí i.”

Irọ́ gbáà! Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù nínú ọ̀ràn yìí jẹ́ ọmọ Ifẹ̀.

Rótìmí Fani-Káyọ̀dé ni orúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1955. Bàbá rẹ̀, Olóyè Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé, jẹ́ igbákejì olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì joyè Balógun Ifẹ̀. Ìjọba ológun dé ní Oṣù Kìíní 1966, ìdílé náà sá lọ sí Brighton ní England. Rótìmí kàwé ní Georgetown, lẹ́yìn náà ní Pratt Institute ní New York, níbi tó ti bá Mapplethorpe pàdé. Ó padà sí London, ó ń gbé ní Brixton pẹ̀lú olólùfẹ́ rẹ̀, Alex Hirst, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ní 1988, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Autograph lónìí, òun sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kú ní Oṣù Kejìlá 1989, ní ẹni ọdún 34. Iṣẹ́ bí ọdún mẹ́fà péré ló ṣe.

Awọ wà nínú fọ́tò rẹ̀, okùn wà, ìbòjú wà. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni wọ́n ń mú wa lọ. Ó kọ̀wé ní 1988 pé ohun tí òun ń wá nínú àwòrán ni ipò tí àwọn àwòrò òrìṣà ilẹ̀ wa ń wọ̀ nígbà tí wọ́n bá gun, níbi tí ara àti ẹ̀mí kò ti ní odi láàárín mọ́.

Ẹ wo fọ́tò 1987 kan tó pe àkọlé rẹ̀ ní Sonponnoi. Òrìṣà tí àwọn àgbà wa kì í dárúkọ lásán ni, Olóde, tó ni ìgbóná, tó ń jà tó sì ń wo aláìsàn sàn. Ọkùnrin dúdú kan ló wà níbẹ̀ ní ìhòhò, wọ́n fi ọ̀dà kán tótòtó sí i lára bí ẹni tí ìgbóná ń bá jà, abẹ́là tó ń jó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú abẹ́ rẹ̀. A kò rí ojú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa Man in Polyester Suit lè bi mí pé: ṣé èyí náà kò gé orí ni? Ó gé e. Ìdí nìyí tí èmi kò fi sọ pé ojú nìkan ni ènìyàn. Ní 1987, wọ́n ń sin àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní London àti New York nítorí àrùn tó ń fi àpá sára. Ara tí Rótìmí yà mọ ohun tó ń dé bá a. Ó di iná mú síbi tí ìfẹ́ ti ń wá, òrìṣà tó lè pa tó sì lè gbà là sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tí àrùn àti ìfẹ́ jọ ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ohun èlò.

Èyí tó máa bí ọ̀pọ̀ nínú wa nínú ni Bronze Head, ti 1987 náà. Ọkùnrin kan lóòhò ló lósòó, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la rí, abẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni orí idẹ kan wà, irú èyí tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938. Mo mọ ohun tí orí jẹ́ fún wa. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè sọ pé ó tàbùkù sí Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un wò, ṣá. Bí ara ọkùnrin náà ṣe lósòó, bí obìnrin tó ń rọbí ṣe ń lósòó ni. Ṣé ó ń jókòó lé orí náà ni, àbí ó ń bí i? Àwòrán náà kò dáhùn, àwọn méjèèjì ló sì wà níbẹ̀ lójú kan náà: ìfẹ́ tí ilé rẹ̀ kò gbà, àti ilé tí kò lè yọ kúrò lára rẹ̀. Èmi rí ọmọ Balógun Ifẹ̀ tó ń fi ara rẹ̀ sọ pé ibẹ̀ ni òun ti wá. Kò rọrùn láti wò, kò sì yẹ kó rọrùn.

Òun fúnra rẹ̀ kò retí pé a máa gbà á. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí òun bá rí àyè pàtẹ iṣẹ́ òun l'Ékòó, ó ṣeé ṣe kí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, wọn yóò sì ní ìwà ìbàjẹ́ àwọn òyìnbó ni òun ń tà. Ọdún 25 lẹ́yìn ikú rẹ̀ kò tíì pé tí Nàìjíríà fi ṣe òfin, ní Oṣù Kìíní 2014, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin.

“Bí àgbàlagbà méjì bá ti gbà fún ara wọn, kò sí ààlà mọ́.”

Mo fẹ́ kí èyí jẹ́ òótọ́. Lójú òfin ilẹ̀ England, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1987, fídíò kan bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, ó fi àwọn ọkùnrin hàn tí wọ́n ń ṣe ara wọn léṣe nínú ilé nítorí adùn rẹ̀. Gbogbo wọn ló gbà. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó fẹjọ́ sùn. Ọkùnrin 16 ni wọ́n dá lẹ́bi ní 1990, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Ní Oṣù Kẹta 1993, adájọ́ márùn-ún jókòó sórí ẹjọ́ náà ní Ilé Àwọn Ọlọ́lá, mẹ́ta sì borí méjì: gbígbà tí ènìyàn gbà kì í ṣe àwáwí fún ọgbẹ́. Ilé ẹjọ́ Yúróòpù ní Strasbourg kò yí i padà ní 1997.

Ní Japan, òfin ibẹ̀ ń wo nǹkan mìíràn pátápátá. Ẹ̀ka 175 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wọn ló mú kí àwọn atẹ̀wé máa bo nǹkan ọkùnrin àti ti obìnrin nínú àwòrán. Wọ́n lè ya ìyà, ẹ̀jẹ̀ àti ìdè bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà ti fi àmì dúdú díẹ̀ bo ibi ìkọ̀kọ̀ náà. Ojú òfin wà lára ẹ̀yà ara. Kò bi ẹni tó ni ẹ̀yà ara náà ní ohunkóhun.

“Ẹni tó bá ń ya ìkà, ìkà ni.”

Irọ́. Gengoroh Tagame, ayàwòrán ará Japan tí wọ́n bí ní 1964, wà lára àwọn tó dá ìwé ìròyìn G-men sílẹ̀ ní 1995, ó sì ti ya ìtàn ìdè àti ìyà tó ṣòro fún ẹlòmíràn láti kà dé ìparí. Ọwọ́ rẹ̀ kan náà ló ya My Brother's Husband, láàárín 2014 sí 2017. Bàbá kan tó ń dá tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ṣí ilẹ̀kùn, ó bá ọkùnrin ará Kánádà kan tó jẹ́ ọkọ arákùnrin ìbejì rẹ̀ tó ti kú. Ọmọ náà tẹ́wọ́ gba àlejò kí bàbá rẹ̀ tó mọ ohun tí yóò sọ. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Eisner ní Amẹ́ríkà ní 2018. Nínú ìtàn òkùnkùn rẹ̀ àti nínú ti ilé yìí, ohun kan náà ni Tagame ń tẹ̀ lé: ohun tí ìtìjú ń ṣe sí ọkùnrin tó lágbára.

Tom of Finland náà nìyẹn, ayàwòrán ará Finland, Touko Laaksonen ní orúkọ àbísọ. Ó lo ọdún ogun nínú iṣẹ́ ológun, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ ya ọkùnrin inú bàtà gíga àti aṣọ ìjọba, títí kan aṣọ àwọn ọmọ ogun Jámánì tí òun fúnra rẹ̀ padà wá sọ pé òun kò fara mọ́ mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀, àwọn ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tí wọ́n dè lójú ìwé yìí lè di okùn mú lójú ìwé tó tẹ̀ lé e. Ní 2014, ilé ìfìwéránṣẹ́ Finland tẹ àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹbù.

“Irú ìfẹ́ tí wọ́n ń yà yẹn ló pa wọ́n.”

Mapplethorpe kú ní Oṣù Kẹta 1989, Fani-Káyọ̀dé ní Oṣù Kejìlá ọdún kan náà, àwọn ènìyàn kan sì ń to ikú méjèèjì pọ̀ bí ẹ̀rí. Irọ́ ni, ìkà sì wà nínú rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì HIV ló fa àìsàn tó bá àwọn méjèèjì jà, fáírọ́ọ̀sì tó pa ọkùnrin, obìnrin àti ọmọ ọwọ́ kárí ayé, tí wọn kò tíì rí oògùn tó lè ká a lọ́wọ́ kò nígbà náà. Àwọn oògùn tó ń jẹ́ kí ẹni tó ní in gbó dé ọjọ́ ogbó kò dé àfi ní 1996. Ní 1988, nígbà tí Mapplethorpe ti mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ láyé, ó dá ilé iṣẹ́ ìrànwọ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, ó sì pín iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì: ìtìlẹ́yìn fún iṣẹ́ fọ́tò, àti owó fún ìwádìí àrùn náà. Nínú owó tí àwọn àwòrán rẹ̀ ń mú wọlé, ti òdòdó àti ti okùn pọ̀, ni wọ́n ti ń ná an.